Bí Alángbá Ṣe Lé Ara Rẹ̀ Kúrò Nílé

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó sáré gun ògiri, kò bọ́ sórí ẹlòmíràn bí kò ṣe Alángbá, Ọmọńlé àti Awọ́nríwọ́n. Adéògún, kọ́kọ́ gbé àgbàdo yẹn sílẹ̀ ná. Ẹnu tó ń jẹun kì í gbe orin.

Láyé àtijọ́, ẹbí kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Awọ́nríwọ́n, àgbà wọn, ń gbé etí odò. Alángbá ń gbé ara ògiri ìta, níbi tí oòrùn ti ń yá a lẹ́yìn. Ọmọńlé ń gbé inú ilé lókè àjà, torí oòrùn ò bá a lára mu. Ojú fèrèsé ni ilẹ̀ Alángbá ti pàdé ti Ọmọńlé. Bí a ti ń ṣe sí ààlà oko, wọ́n gbin pèrègún kan síbẹ̀, inú ìkòkò kékeré ni wọ́n gbìn ín sí. Ibi tí pèrègún bá dúró sí, ibẹ̀ ni ilẹ̀ Alángbá dé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Alángbá yọjú lójú fèrèsé, ó rí bí kòkòrò ti ń rọ́ yí àtùpà ká. Itọ́ dà lẹ́nu rẹ̀ ṣọ̀ọ̀rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé ìkòkò pèrègún karí, ó di inú yàrá gìdìgbà.

Ó ní, "Ọmọńlé, ilẹ̀ mi ti dé ibí. Kó ẹrù rẹ kí oòrùn tó wọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹyin mi wà nínú àjà yìí, kò tíì pa. Bí mo bá gbé e síta, oòrùn á sè é."

"Kí ló kàn mí nínú ẹyin?"

Ọmọńlé bú sẹ́kún. Ó ń tọ abẹ́ òjìji lọ sétí odò láti pe Awọ́nríwọ́n. Alángbá kò tilẹ̀ wẹ̀yìn, ó ti rí yàrá kejì. Ó fi orin sẹ́nu. Ẹ bá mi gbè é:

*Pèrègún mi, sún síwájú,*
Sún díẹ̀ sí i.
*Ilé yìí dùn, tọ̀hún ńkọ́?*
Sún díẹ̀ sí i.
*Ilẹ̀ ò tíì tó mi í tẹ̀,*
Sún díẹ̀ sí i.

Ó gba yàrá kejì, ó gba ilé ìdáná, ó lé aáyán, ó lé eku. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má pe òun ní Alángbá mọ́, Aláṣẹ-gbogbo-ògiri lorúkọ òun. Ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó yí igun ilé po. Ewé pèrègún ti bò ó lójú bámúbámú, kò rí ju imú ara rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò gba ẹ̀yìn wọ ilé ara rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Ni ọwọ́ rẹ̀ bá kan ògiri kan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ara rẹ̀ yá gágá. "Ta ló ni èyí?"

Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, yọrí nínú ihò. Ó ní, "Alángbá ló ni ín."

"N ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kó jáde."

"Bàbá Ọ̀kánlàwọ́n, ṣé ara yín yá?"

"Má pè mí ní bàbá ẹnì kankan. Mo fi orí baba mi búra, Alángbá kò gbọdọ̀ sùn nínú ilé yìí mọ́ láéláé."

Kò mọ̀ pé Awọ́nríwọ́n àti Ọmọńlé ti dé ẹ̀yìn òun. Awọ́nríwọ́n rọra sọ ìkòkò kúrò lórí rẹ̀. Alángbá ṣẹ́jú pàkò. Ó rí ihò ara rẹ̀, ó rí ẹní ara rẹ̀, ó rí ìyàwó rẹ̀ tó fọwọ́ lẹ́rán. Inú rẹ̀ bàjẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, èmi mà ni Alángbá."

Awọ́nríwọ́n ní, "Àwa mọ̀ ọ́n. Ìwọ lo ní o ò mọ̀ ọ́n. Kó ẹrù rẹ kí oòrùn tó wọ̀."

Ọmọńlé padà sókè àjà, ó bá ẹyin rẹ̀ láìfọ́. Alángbá lọ ń sùn lórí igi. Títí dòní, tó bá gun ògiri, á máa mi orí, á máa bi ara rẹ̀ pé, "Ṣé tèmi nìyí àbí tẹlòmíràn?"

Ibi tí àlọ́ mi ti fẹ̀yìn ti ògiri nìyẹn. Ẹ̀kọ́ tó kọ́ wa ni pé kí á má ṣe wọ ààlà ọmọnìkejì wa. Ẹni tó ń lé aládùúgbò kiri yóò lé ara rẹ̀ bá.