Ẹni Tó Jẹ Ọbẹ̀ Arínpé

Ẹni tó se ọbẹ̀ kọ́ ló ń kéde adùn ọbẹ̀. Ẹni tó jẹ ẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ yìí ni owó ẹyọ sọ fún Arínpé alásè, ní ọjọ́ tí gbogbo ìlú ń wo oúnjẹ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sì jẹ ẹ́. Èmi Yèyé Ọ̀ṣun tí ẹ ń wò yìí ni mo da owó ẹyọ náà sórí àtẹ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá mi jiyàn.

Ìṣòro Arínpé kò kéré. Ìdí ìyá rẹ̀, tó ń se oúnjẹ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ni ó ti kọ́ iṣẹ́. Ní ọjọ́ kan tó gbé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ wọ ilé amóhùnmáwòrán ìlú wa, ẹni tó yẹ kó dáná níwájú kámẹ́rà kò wá. Wọ́n ní kí Arínpé bọ́ sídìí ààrò. Bó ṣe di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nìyẹn. Bí ìrọ̀lẹ́ Sátidé bá ti lẹ́, àwọn ìyàwó ilé a ti jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, àwọn ọkọ náà a máa yọjú lẹ́yìn wọn. Ó kọ ìwé kan lórí ọbẹ̀ ilẹ̀ wa, ìwé náà sì tà títí wọ́n fi tún un tẹ̀.

Ṣùgbọ́n ayé kì í dúró sójú kan. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yí tẹlifíṣọ̀n wọn sí ibòmíràn. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ pe Arínpé, ó ní bí nǹkan kò bá yí padà kí òjò ọdún yìí tó dá, ètò rẹ̀ yóò dópin. Àwọn tó fẹ́ tẹ ìwé rẹ̀ kejì náà ní àwọn kò lè tẹ ìwé ẹni tí ojú ayé kò rí mọ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ ní ayé rẹ̀ nìyẹn, ó sì ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà kò sùn, kò wo.

Ó tọ̀ mí wá. Kò dá wá. Ó mú Adégbìtẹ́ dání, ẹni tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ṣẹ́ẹ̀fù. Ọjọ́ Àìkú ni Ṣẹ́ẹ̀fù máa ń dáná ní ilé-iṣẹ́ kan náà, irú ìkìlọ̀ kan náà sì ni ọ̀gá ṣe fún un. Arínpé kúnlẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀fù tẹ orí ba díẹ̀, bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Mo rí i.

Mo da owó ẹyọ, odù Ọ̀ṣẹ́ yọ, ire ni ó fọ̀. Mo ní, "Arínpé, bí o bá se oúnjẹ tán níwájú kámẹ́rà, ta ní ń jẹ ẹ́?"

Ó wolẹ̀. "Yèyé, kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́. Òróró ni a fi ń pa á lórí kó lè máa dán. Bí a bá parí, a ó dà á nù."

"Ta ló wá ń sọ pé ó dùn?"

"Èmi náà ni, Yèyé."

Háà! Mo pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ṣé ẹ ti rí obìnrin tó gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún àlejò rí, tó wá jókòó tì í, tó ń wí pé ọbẹ̀ òun dùn, ọbẹ̀ òun dùn? Ojú ni yóò ti àlejò náà. Ẹ sì tún wo ti oúnjẹ tí wọ́n ń dà nù, nígbà tí ebi ń pa ènìyàn lójúde!

Mo ní kí àwọn méjèèjì rúbọ. Kí wọ́n mú oyin wá, kí wọ́n mú ẹyẹlé, iyọ̀ àti àwo tuntun. Oyin àti ẹyẹlé, ti Ọ̀ṣun ni. Àwo àti iyọ̀ yóò bá wọn padà sídìí ààrò. "Lọ́jọ́ ètò yín, ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ bá bá lẹ́nu géètì, ẹni yòówù kó jẹ́, ẹ pè é wọlé, kí ẹ bu oúnjẹ fún un nínú àwo náà, kí gbogbo ayé máa wò ó. Láti ìgbà tó bá ti fọwọ́ kan oúnjẹ títí yóò fi ṣanwọ́, ẹ kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ yin ọbẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ ro ẹjọ́ ọbẹ̀."

Ṣẹ́ẹ̀fù bú sẹ́rìn-ín. "Yèyé, ẹ má bínú o. Kí n lọ mú ẹni tí n kò mọ̀ rí láti títì, kó wá bú mi níwájú gbogbo ayé? Bó bá ní kò dùn ńkọ́?"

Mo ní, "Ìyẹn gan-an ni ẹbọ náà."

Ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó ku Arínpé. Ó ní, "Ẹ̀rù ń bà mí, Yèyé." Mo ní ẹ̀rù kò ní kí ẹbọ má fín. Ó rú u.

Sátidé pé. Arínpé gún iyán, ó se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ẹlẹ́ja gbígbẹ, kò fi òróró pa á lórí. Ó jáde lọ sí géètì. Ta ló bá níbẹ̀? Màmá Abọ́sẹ̀dé, arúgbó kan tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù, tó wá kí wọ́n bá òun kéde rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé a kì í gba ìkéde lọ́jọ́ Sátidé, ó sì ti bú gbogbo wọn kanlẹ̀. Inú ń bí i dé góńgó. Arínpé fẹ́ sá padà, ó rántí ẹbọ. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ wá jẹun."

Arúgbó náà bá a wọlé, ó jókòó níwájú kámẹ́rà, ó ṣanwọ́, ó bu òkèlè kan nínú àwo tuntun náà. Ó gbé e mì. Ó wojú Arínpé.

"Iyọ̀ kò tó."

Áà, ẹ̀yin èèyàn! Àwíjàre kún ẹnu Arínpé: pé òun wọn iyọ̀ náà dáadáa, pé àwọn dókítà ní kí a má fi iyọ̀ púpọ̀ sí oúnjẹ mọ́. Ó gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ó dìde, ó mú iyọ̀ ẹbọ, ó bu díẹ̀ sí ọbẹ̀ arúgbó náà, ó rò ó, ó sì padà kúnlẹ̀. Ọ̀gá ń juwọ́ sí i láti ẹ̀yìn gíláàsì pé kó sọ̀rọ̀, kó sọ̀rọ̀! Kò sọ̀rọ̀. Gbogbo ìlú ń wo arúgbó kan tó ń jẹ iyán, wọn kò gbọ́ nǹkan mìíràn ju bó ṣe ń jẹ ẹ́ lọ.

Màmá Abọ́sẹ̀dé jẹ ẹ́ tán. Ó lá ọwọ́, ó ṣanwọ́, ó gùnfẹ̀. Arínpé ń retí. Arúgbó náà kọjú sí kámẹ́rà, ó ní, "Ẹ̀yin ará ìlú, ewúrẹ́ mi sọnù o. Dúdú ni, ó ní funfun níwájú orí, okùn pupa wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó bá rí i, kó bá mi dá a padà."

Ìyẹn nìkan! Kò mẹ́nu ba ọbẹ̀ rárá. Omijé ti dé ojú Arínpé kí arúgbó náà tó yíjú sí i.

"Ọmọ mi, èyí tó kù nínú ìkòkò yẹn, ta ló ni ín?"

"Kò sẹ́ni tó ni ín, Màmá."

"Bá mi dì í. Bàbá wọn nílé kò jẹun dáadáa láti ìgbà tí ewúrẹ́ yìí ti sọnù. Bó bá rí irú èyí, yóò jẹ ẹ́."

Arínpé bú sẹ́kún, ó tún bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà tí mo jókòó nílé mi tí mo ń wò ó, mo jó.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti fa ewúrẹ́ dé ilé Màmá Abọ́sẹ̀dé. Nígbà tí Sátidé kejì máa fi pé, àwọn ènìyàn ti tò sẹ́nu géètì láti òwúrọ̀. Ọkùnrin kan jẹ tirẹ̀ tán, ó ní ti ìyá òun dùn jù ú lọ. Arínpé ní, "Ẹ bá mi kí wọn." Gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tún wò ó ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọ̀gá tó fẹ́ lé e wá ń bẹ̀ ẹ́ kó fi ọjọ́ mìíràn kún ọjọ́ ètò rẹ̀.

Ṣẹ́ẹ̀fù ńkọ́? Lọ́jọ́ Àìkú kan ó yan adìẹ, ó fi òróró pa á títí ó fi ń kọ mànà. Ó gé e jẹ. Inú adìẹ náà kò jinná. Kò lè tu ú dànù, kò lè gbé e mì; ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì ń wí pé, "Ó dùn bí oyin!" Láti ọjọ́ náà, bí nǹkan bá bàjẹ́ mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní ìlú wa, wọn a ní, "Ó dùn bí ti Ṣẹ́ẹ̀fù." Òjò kò tíì dá tí wọ́n fi fòpin sí ètò rẹ̀. Ó padà wá bá mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lọ́tẹ̀ yìí, ó ní, "Yèyé, ká ní mo mọ̀ ni." Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Ìwé kejì jáde. Lábẹ́ ọbẹ̀ kọ̀ọ̀kan, Arínpé kò kọ pé ó dùn. Ọ̀rọ̀ ẹni tó jẹ ẹ́ ló kọ síbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ onítọ̀hún. Lábẹ́ ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ẹ ó rí i: "Iyọ̀ kò tó. Bá mi di èyí tó kù. Màmá Abọ́sẹ̀dé."

Arínpé gbọ́ ẹbọ, ó rú, ire wọlé tọ̀ ọ́; Ṣẹ́ẹ̀fù fi ẹbọ rẹ́rìn-ín, ìlú fi òun náà rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí Arínpé mú ìwé náà wá fún mi, ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ kan dání. Ó bù ú fún mi, ó kúnlẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Mo jẹ ẹ́, mo fọwọ́ nu àwo. Mo wá na àwo náà sí i, mo ní kó tún bù sí i.