Àpá Ẹ̀gbẹ́ Ògiri

Ọkùnrin kan wà tí àpá ń yọ lára alùpùpù rẹ̀ ní ibi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò lè dé.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa bá àwọn àgbẹ̀ wọn kòkó ní abúlé wọn, nítorí náà ojú ọ̀nà ni ó ń gbé ju ilé lọ, kọ́kọ́rọ́ ibi tí ó ń kó kòkó sí kì í sì í kúrò ní ìbàdí rẹ̀. Alùpùpù náà pupa fòò, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni tí ó pẹ́ kí ó tó bímọ ṣe ń fẹ́ràn àkọ́bí. Bí ó bá ti dé láti oko, yóò tì í wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá rẹ̀, yóò sì fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ògiri, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí àyè gba ibẹ̀ kọjá. Àlàfo tí ó ń ṣẹ́ kù láàrin táǹkì epo àti ògiri kò ju ohun tí àtẹ́lẹwọ́ lè wọ̀ lọ. Síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún yìí gan-an ni àpá ń yọ sí, wẹ́wẹ́, lórí ara wọn, bí ilẹ̀ tí adìyẹ ta. Ẹ̀gbẹ́ òsì, tí gbogbo ará ilé ń gbà kọjá, ń dán bíi dígí.

Bí ó bá jẹ́ pé ọkùnrin yìí fara balẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ì bá bi ara rẹ̀: Kí ni ó ń dé ibí yìí? Ṣùgbọ́n kò béèrè bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó béèrè ni pé: Ta ni ó kórìíra mi?

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń bẹ nínú ilé náà. Opó ni, láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni ó ti padà sí ilé bàbá wọn. Òun ni ó máa ń pọn ọkùnrin yìí ní kékeré nígbà tí ìyá wọn bá lọ sí oko. Nísinsin yìí, orúnkún ń dà á láàmú, ọ̀pá tí a fi irin dé lẹ́nu ni ó sì fi ń rìn. Bí ó bá ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó ń gbà, ọ̀pá náà yóò sì máa dún kọ́, kọ́, kọ́ lórí sìmẹ́ǹtì. Ọkùnrin náà gbọ́ ìró irin, ó sì rí àpá irin. Ó ro méjèèjì pọ̀, ó gbà pé òun ti mọ ìdáhùn.

Ó gbé alùpùpù náà lọ sí ọ̀dọ̀ afínọ̀dà. Ẹni yẹn fi sáńpépà ha ojú àpá náà títí ó fi tẹ́jú, ó fi pọ́tì dí ibi tí ó jìn, ó tún ha á, ó kọ́kọ́ fi ọ̀dà aláwọ̀ eérú tẹ́ ìdí rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó fín ọ̀dà pupa lé e, tí ó sì gbé e sínú òòrùn. Nígbà tí ó gbẹ tán, ojú kò lè mọ ibi tí ọgbẹ́ wà rí. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àpá fi padà.

Afínọ̀dà rí i tí ó ń bọ̀ lókèèrè, ó pàtẹ́wọ́. "Bàbá oníkòkó, máṣíìnì yín yìí ti mọ ọ̀nà ibí ju ìyàwó mi lọ. Ẹ ò ṣe kúkú jẹ́ kó máa sùn lọ́dọ̀ mi?"

Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Bí ó ti ń ti ibẹ̀ bọ̀ wá sílé, ó ra àgádágodo sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, nítorí ó rò pé ẹni tí ó lè họ táǹkì lè ṣe ohun tí ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àpá padà. Ó fi òmíràn sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, kí ẹlẹ́ṣẹ̀ má bàa rí ọ̀nà gbà. Àpá náà wá jìn sí i. Ó ti ilé ìdáná, ó ti ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí, ó sì fi ẹ̀wọ̀n de alùpùpù náà mọ́lẹ̀, ó ti ẹ̀wọ̀n náà pẹ̀lú. Kò fi kọ́kọ́rọ́ kankan sílẹ̀ nílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á máa jókòó sí ìta, á máa dúró dè é kí ó tó rí iná dá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin náà pè é síbi alùpùpù náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó wò ó. "Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni àpá yìí wà. Ṣé mo ti di aláǹgbá ni, tí mo fi ń gun ògiri?"

"Ọ̀pá yín ni irin wà lẹ́nu rẹ̀."

"Àbúrò mi, ọ̀pá yìí ló gbé mi dúró. Bí mo bá gbé e sókè láti fi họ nǹkan, kí ni mo máa fi dúró?"

Ìdáhùn yìí nìkan tó láti parí ẹjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti mú ọ̀daràn kì í wá ẹ̀rí mọ́. Ọkùnrin náà ní ilé kò lè gba àwọn méjèèjì, kí ó máa lọ sí ilé ọkọ rẹ̀. Ó sì mọ̀ pé obìnrin náà kò bímọ síbẹ̀, pé ẹ̀yìn ilé ni wọn yóò ti fún un ní yàrá, àti pé oúnjẹ tí ó bá ṣẹ́ kù ni yóò máa jẹ. Obìnrin náà di ẹrù rẹ̀. Kò ṣépè.

Ilé dákẹ́. Ọkùnrin náà tún gbé alùpùpù lọ fún ọ̀dà, ó gbé e padà sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbà kọjá mọ́. Nígbà tí àpá tún yọ, ó dúró tì í pẹ́. Kò tíì mọ ohun tí ó ń họ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti mọ ẹni tí kì í ṣe. Ó gùn ún, ó kọrí sí abúlé àwọn àna ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Obìnrin náà jókòó sí ẹ̀yìn ilé. Bí ó ti rí alùpùpù pupa náà, ó ti ọ̀pá rẹ̀ bọ abẹ́ àpótí tí ó jókòó lé, kí irin rẹ̀ má bàa súnmọ́ ọn. Ó wá ń fi ọwọ́ méjèèjì ra ògiri, ó ń rìn bọ̀ wá pàdé rẹ̀.

Ọkùnrin náà rí èyí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ó ti dọ̀bálẹ̀ fún ènìyàn kẹ́yìn, nítorí àwọn àgbẹ̀ ni ó ń bẹ̀rẹ̀ fún un. Bí ìbàdí rẹ̀ ti kan ilẹ̀, nǹkan kan gún un ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó sì ró wọnwọn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè pé, "Kí ló ń ró ní ìdí rẹ bíi ṣaworo ẹṣin?"

"Kọ́kọ́rọ́ ni."

"Ti ibo àti ibo?"

Ó tú okùn wọn kúrò ní ìbàdí, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà wọ́n fún un. "Ti yàrá mi. Ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ti ilé ìdáná..." Ó gbé e súnmọ́ ojú. Ọ̀dà pupa ti há sáàrin eyín kọ́kọ́rọ́ náà. Ọ̀dà aláwọ̀ eérú wà pẹ̀lú rẹ̀.

Obìnrin náà rí i bí òun náà ti rí i. Ó ní, "Dìde, erùpẹ̀ ti ba aṣọ rẹ jẹ́. Mo ti dárí jì ọ́."

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé, ẹ̀gbọ́n."

"Rárá. Ilé tí mo ti ní láti máa wo ibi tí mo ń fi ọ̀pá tẹ̀, ojú mi ò ríran tó o mọ́."

Ọkùnrin náà gbé alùpùpù rẹ̀, ó sì dá lọ sílé.

Ìwọ tí o wá sọ́dọ̀ mi pé kí n bá ọ mọ ẹni tí ó ń ba ilé rẹ jẹ́, tí o sì ti mú orúkọ ẹni náà lọ́wọ́ kí o tó dé, n kò ní orúkọ mìíràn tí n ó fún ọ. Padà lọ wo ibi tí àpá náà wà, kí o sì kọ́kọ́ tú ohun tí o so mọ́ ìbàdí ara rẹ. Ọkùnrin tí mo sọ yìí kò ní ọ̀tá. Nígbàkúùgbà tí ó bá jókòó sórí alùpùpù, ìdì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ á bọ́ sáàrin itan rẹ̀ àti táǹkì, gbogbo kòtò ojú ọ̀nà á sì máa gbá a mọ́ ibẹ̀. Àpá ni ó ń mú kí ó ra àgádágodo, àgádágodo ni ó ń fi kún kọ́kọ́rọ́, kọ́kọ́rọ́ ni ó sì ń họ ọ̀dà náà.