Ẹ̀ṣọ́ Inú Àpótí Ìsàba

"Bàbá Wùnmí, ẹ má jẹ́ kí ẹyin mi tutù o."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí Àmọ̀kẹ́, ìyàwó mi, bá mi sọ nìyẹn. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló ti sọ ọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó fi ẹyin sílẹ̀, kó tọ́jú ara rẹ̀. Kí n tó padà débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ti lọ.

Ẹyin náà tutù. Gbogbo èyí tó wà nínú àpótí ìsàba rẹ̀ nígbà náà ló bàjẹ́, nítorí kò sẹ́ni tó rántí wọn títí a fi sìnkú tán. Ẹnikẹ́ni kò bá mi wí.

Adìyẹ òpìpí ni Àmọ̀kẹ́ ń sìn ní Ìgbájọ, irú èyí tí ìyẹ́ kò pọ̀ lára rẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ti ta ẹ̀wù wọn. Àmọ̀kẹ́ a ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọ ẹ̀wù, mélòó lẹ yé lánàá?" Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ìyá Gbọ́lá, kó àwọn adìyẹ náà lọ sí Ìrèé. Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó gbé apẹ̀rẹ̀ kan wá bá mi. Ẹyin méjìdínláàádọ́ta ló wà nínú rẹ̀.

"Ejò ti pa àkùkọ kan ṣoṣo tó kù," ó ní. "Ìwọ̀nyí nìkan ló ṣẹ́kù tó lè di ọmọ. Bí wọ́n bá bàjẹ́, irú adìyẹ Àmọ̀kẹ́ tán nìyẹn."

Pákó ni wọ́n fi kan àpótí ìsàba náà. Gílóòbù méjì tó ń mú un gbóná wà ní igun kan, abọ́ omi wà nísàlẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni tẹmosítáàtì, tí Àmọ̀kẹ́ ń pè ní ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀ṣọ́ yìí ní wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí orí rẹ̀ dà bí imú. Imú yìí ló fi ń mọ ooru. A ó yan iye ooru tí a fẹ́ fún un. Bí ooru bá ti pé iye náà, yóò pa gílóòbù. Bí ó bá dín, yóò tàn án padà. Iṣẹ́ rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀ṣọ́ àtijọ́ ti jóná lọ́jọ́ kan tí iná ìjọba dé tagbára-tagbára. Mo lọ ra tuntun ní Òṣogbo. Mo yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Mo so wáyà iná mọ́ ibi tó ń gbà wọlé, mo so ti gílóòbù mọ́ ibi tó ń gbà jáde, mo sì fún wọn pinpin. Ó ku imú. Mo rò ó. Iná ni ẹ̀ṣọ́ yìí ń ṣọ́; ẹ̀bá iná ló yẹ kó wà. Ṣebí ẹ̀bá iná ni Bàbá Ọdẹ́dìran, ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò wa, máa ń jókòó sí. Mo so imú náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ gílóòbù. Mo to ẹyin sínú àpótí, mo tan iná, mo sì yin ara mi.

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ńbà ojú ẹ̀ṣọ́ dúró lórí mẹ́tàdínlógójì àbọ̀, bí mo ti yàn án. Ìyá Gbọ́lá, tó dúró tì mí láti ìgbà tó ti gbé ẹyin dé, ṣí àpótí. Ó mú ẹyin kan, ó fi lé ìpéǹpéjú rẹ̀. Bí Àmọ̀kẹ́ náà ti máa ń ṣe nìyẹn. Ìyá wọn ló kọ́ wọn.

"Bàbá Wùnmí, ẹyin yìí tutù."

"Kò lè tutù, Ìyá Gbọ́lá. Ẹ wo nọ́ńbà."

"Ṣé nọ́ńbà ni yóò pa ọmọ ni?"

Mo yọ púlọ́ọ̀gì. Mo yẹ wáyà wò. Wọ́n fún dáadáa. Mo pààrọ̀ gílóòbù; bákan náà ni. Gílóòbù a tàn, kíá a sì kú. Mo ka ìwé tó bá ẹ̀ṣọ́ wá láti òkè délẹ̀. Ẹyin ṣì tutù. Mo jókòó sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí mo fẹ́ jẹ́ kí wọ́n tutù.

Bàbá Ọdẹ́dìran ló wọlé wá kí wa, tó ṣí bọ́tìnnì àyà sílẹ̀.

"Ọyẹ́ ọdún yìí mà kò mú rárá!"

Ìró méjì ni Ìyá Gbọ́lá ró. "Ẹ gbọ́ o! Àwa tí eyín wa ń lu ara wọn láti àárọ̀ ńkọ́? Ẹ̀bá iná lẹ sùn mọ́jú, Bàbá."

"Sùn kẹ̀? Mo ń ṣọ́ yín ni."

"Ẹ ń ṣọ́ wa, ẹ ò mọ̀ pé à ń kú lọ! Ẹ sún kúrò nídìí iná yẹn lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wá sọ fún wa bóyá ọyẹ́ mú."

Mo dìde. Mo wo imú ẹ̀ṣọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gílóòbù. Òun náà ń yáná. Bí ara òun bá ti gbóná, a rò pé gbogbo ilé ti gbóná, a sì paná.

Mo tú u níbẹ̀. Mo fà á wá sí àárín ẹyin, ní ìwọ̀n gíga ẹyin gan-an. Mo fi ìwọ̀n ooru onígíláàsì ti Àmọ̀kẹ́ tì í kí n lè mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń sọ. Kò pé wákàtí méjì tí ohùn àwọn méjèèjì fi dọ́gba. Ìyá Gbọ́lá mú ẹyin kan, ó fi lé ìpéǹpéjú tèmi. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

A bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Ọdẹ́dìran ní kí ló dé. A sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín jù wá lọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbé ìtàn náà yí àdúgbò ká.

Ọjọ́ kọkànlélógún pé. Ọmọ adìyẹ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló jáde, wọ́n ń ké bí ọmọ ilé ìwé tó gbọ́ aago ìsinmi. Ìyá Gbọ́lá jó yí àpótí ká. "Ẹ̀yin aláìlẹ́wù, ẹ káàbọ̀ o!" Bàbá Ọdẹ́dìran bọ́ súwẹ́tà rẹ̀, ó fi bo páálí tí a kó wọn sí. Ó ní òun ti rí i báyìí pé ọyẹ́ mú.

Mi ò tíì ká aṣọ Àmọ̀kẹ́ kúrò lórí okùn. Mi ò tíì dá abọ́ tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì fi gbé oúnjẹ wá padà. Mi ò tíì sọ àwọn ọmọ adìyẹ náà lórúkọ. Àmọ̀kẹ́ ló máa ń sọ wọ́n lórúkọ. Wùnmí ọmọ wa wà ní Ìlọrin. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń pè mí láti béèrè bí ara mi ti rí, mo sì ń sọ fún un pé ara le. Mi ò tíì béèrè bí ara tirẹ̀ ti rí.

Inú ìtàn ẹ̀ṣọ́ àpótí yìí ni wọ́n ti mú un ní àdúgbò wa tí wọ́n fi ń pa á lówe pé: ẹ̀ṣọ́ tó ń yáná kò mọ̀ pé ará ilé ń gbọ̀n.