Ìdí Tí Ohùn Tó Gba Inú Asẹ́ Fi Ń Dé Kẹ́yìn

Nígbà láéláé, nígbà tí inú rédíò ṣì jẹ́ ìlú kékeré, ohùn méjì tí wọ́n jẹ́ ìbejì ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ìyá wọn. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbà jáde, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn kì í yàtọ̀. Bí ọ̀kan bá gbé ẹsẹ̀, èkejì náà á gbé e. Wọ́n jọ ń dé ẹnu rédíò ni, nítorí náà, kò sẹ́ni tó mọ ẹ̀gbọ́n nínú wọn.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan gba ibi tí Ariwo hù sí. Ariwo lẹ̀ mọ́ ọn lára bí èèmọ́, ó ń dún ṣìì, ṣìì.

Ìyá Ohùn fà á lọ sọ́dọ̀ Asẹ́, ẹni tó máa ń sẹ́ Ariwo kúrò lára ohùn, tó sì ní ìkòkò ńlá kan.

Asẹ́ ní, “Ẹ fi í sílẹ̀, Ìyá. Ìkòkò mi gbọ́dọ̀ kún kí n tó dà á jáde. Ariwo ò ní sùúrù, kò ní lè dúró. Ilẹ̀ ni yóò gbà lọ.”

Ìyá lọ dúró sẹ́nu rédíò. Èkejì dé, ó ń fò. Ọ̀kan ò dé. Ìyá wo ọ̀nà títí ọrùn fi ń ro ó. Nígbà tó yá, ọmọ yọ. Ó mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ó ti rù, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ.

“Asẹ́, ṣé o jẹ lára ọmọ mi ni?”

“Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹni tí ebi ń pa, kí ni yóò fi bọ́ àlejò?”

Ìyá sáré lọ bẹ Bátìrì, Bátìrì sì ń bọ́ Asẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ tún gba inú Asẹ́ jáde, ohùn rẹ̀ ń dún ketekete. Síbẹ̀, ó pẹ́.

Asẹ́ ní, “Oúnjẹ ni Bátìrì fún mi. Ìkòkò ṣì gbọ́dọ̀ kún.”

Èkejì yọ ṣùtì. “Ìgbín, káàbọ̀.”

Ọmọ bú sẹ́kún. “Màmá, èmi ti di àbúrò nìyẹn.”

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó fà á mọ́ra. “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Nínú ìbejì, ṣebí Kẹ́hìndé ló ń rán Táyé ṣíwájú pé kó lọ tọ́ ayé wò? Táyé, dọ̀bálẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ.”

Táyé dọ̀bálẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ohùn tó bá gba inú asẹ́, ì báà jẹ́ asẹ́ tó ń jẹ iná tàbí èyí tí kì í jẹ, ti máa ń rìn lẹ́yìn èkejì rẹ̀ díẹ̀. Kò sọnù, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀gbọ́n ni, ó ń bọ̀.