Ẹni Tó Ṣí Fóònù Olóògbé

Olóyè Fágbùyì gbé fóònù ìyàwó rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú fún Morádékẹ́ tó ń tún fóònù ṣe: "A ò mọ nọ́ńbà tó fi tì í. Ṣí i kó tó di ọ̀sán, má pa nǹkan kan rẹ́ níbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó ẹrù rẹ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi." Morádékẹ́ rí àmì àláàmù aago mẹ́wàá lójú fóònù, ó bá jókòó tì í. Aago mẹ́wàá lù, ohùn òkú sọ̀rọ̀: "Bàbá Tìmílẹ́yìn, ẹ wá lo oògùn yín!" Àláàmù tí olóògbé fi ohùn ara rẹ̀ ṣe ni, àgádágodo fóònù ò lè pa á lẹ́nu mọ́. Morádékẹ́ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni fẹ́ pààrọ̀ ohùn rẹ̀, ó gba ibẹ̀ wọnú fóònù, ó sì tú àgádágodo láti inú. Olóyè ní, "Ta ló ṣílẹ̀kùn fún ọ?" Ó ní, "Ìyá Tìmílẹ́yìn ni, Bàbá. Mo kàn tẹ̀lé wọn wọlé ni. Ẹ ò sì tíì lo oògùn yín."