Ọdún Tí Òòṣà Òkè Kò Rí Ẹni Gbé E

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Bí ènìyàn kò sí, òòṣà kò sí." Ọ̀rọ̀ yìí rúni lójú. Báwo ni ẹni tí à ń wólẹ̀ fún ṣe wá di ẹni tó ń wojú ẹni tó ń wólẹ̀? Ẹ jẹ́ kí Ìyá Dúródọlá, ará Ìdófẹ̀, là á yé wa.

Nígbà tí Láníhùn kọ́kọ́ jẹ Àwòrò Òòṣà Òkè, ènìyàn rere ni. Ó ń súre fún aboyún, ó ń parí ìjà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ sọ pé, "Òòṣà ń bínú," ó rí i tí ẹnu àwọn àgbà ìlú gbẹ, ó sì dùn mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà, òòṣà kò yéé bínú mọ́. Òòṣà ní kí wọ́n ro oko Àwòrò kí wọ́n tó ro tiwọn. Òòṣà ní kí ẹnikẹ́ni má dáná kí èéfín ilé Àwòrò tó rú. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, wọ́n ń ṣe é.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí gbogbo ìlú ń palẹ̀ mọ́ lọ sí oko, kí wọ́n tó padà wá ṣọdún, atẹ́gùn ṣí fìlà Àwòrò, ó sì gbé e lé orí ewúrẹ́. Dúródọlá, ọmọ ọdún méje, bú sẹ́rìn-ín.

"Òòṣà ti mú un," ni Àwòrò wí. "Lọ́jọ́ ọdún, ilé mi ni yóò wọ̀. Ibẹ̀ ni yóò ti máa gbálẹ̀ títí ayé rẹ̀."

Ìyá rẹ̀ gbé e pọ̀n, ó ń sunkún lọ lójú ọ̀nà oko. Àfi bí èrò kan ṣe sọ sí i lọ́kàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ọ̀dọ̀ Baba Àjíbóyè ló lọ, olórí àwọn tó máa ń gbé òòṣà náà sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè lọ́jọ́ ọdún.

"Baba, ẹni mélòó ní ń gbé e?"

"Àwa mẹ́jọ. Ọrùn mi ṣì ń dùn mí láti èṣí."

"Bí ẹ kò bá gbé e ńkọ́?"

"Yóò pa wá ni."

"Òòṣà tí kò lè dá sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, báwo ni yóò ṣe rìn dé oko wá pa wá?"

Baba Àjíbóyè fọwọ́ pa ọrùn. "Ìyàwó, tún un sọ."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti dé gbogbo abà: kí ẹnikẹ́ni má wálé lọ́jọ́ ọdún.

Ọjọ́ ọdún pé. Àwòrò lu agogo títí. Ewúrẹ́ nìkan ló jáde. Àwọn ará ilé rẹ̀ pàápàá ti yọ́ lọ sóko. Ó dá orin, òun náà ló tún ń ṣe ègbè. Ó gun òkè lọ, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ òòṣà láti gbé e, kò mì. Lọ́jọ́ kẹta, ebi lé e dé oko.

Bí wọ́n ti rí i, ẹ̀rù tún dé. Àwọn kan ti ń kúnlẹ̀. Ìyá Dúródọlá di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

"Òòṣà ní..." ni Àwòrò bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn, Baba Àwòrò," ni obìnrin náà wí. "Òun náà dà? Àbí kò rẹ́ni gbé e wá?"

Baba Àjíbóyè ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ran gbogbo oko. Àwọn tó kúnlẹ̀ dìde, wọ́n ń gbọn eruku orúnkún wọn dànù.

Ìyá Dúródọlá fún Àwòrò ní iṣu sísun. Ó jẹ ẹ́ tán, kò gbójú sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wálé," ló wí.

"Ọmọ mi ńkọ́?"

"Ọmọ rẹ ni."

"Ẹ wá súre fún un nígbà náà, bí ẹ ti máa ń ṣe láyé ọjọ́un."

Ó gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí, ó súre fún un.

Nígbà tí wọ́n wálé wá ṣe ọdún náà, ẹni mẹ́sàn-án ló gbé òòṣà sọ̀kalẹ̀. Àwòrò fi ọrùn tirẹ̀ sí i. Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá fẹ́ fi ohun mímọ́ dẹ́rù ba ọmọnìkejì, àwọn àgbà a rọra bi í léèrè ẹni tó gbé e wá, wọn a sì wí pé: bí ènìyàn kò sí, òòṣà kò sí.