Ẹsẹ̀ Ti Gbọ́, Ọkọ̀ Ò Tíì Gbọ́

Nílùú Òkè-Àgbẹdẹ, bí ẹnìkan bá ń ti àṣejù bọ nǹkan, tó ń fọ́nnu pé òun á jáwọ́ tó bá yá, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a ní, "Ẹsẹ̀ ti gbọ́, ọkọ̀ ò tíì gbọ́." Àlejò a máa ṣe kàyéfì: ta ló so etí mọ́ ọkọ̀? Ẹ fara balẹ̀, ojú mi ló ṣe.

Láṣebìkan ló ń wa bọ́lẹ̀kájà nígbà náà, ọkọ̀ onípákó tí wọ́n fi ń kó èrò àti ẹrù. Ó mọ ọkọ̀ wà, n ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ẹnu rẹ̀ ló gùn ju ọkọ̀ náà lọ. Fẹ́hìntọlá ló ń fẹ́, ṣùgbọ́n ìyá ọmọ náà kò tíì gbà. Orí títì, nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ni ìyá yìí ń sá láfún rẹ̀ sí bíi gbogbo obìnrin àdúgbò, nítorí ọ̀dà máa ń gbóná, láfún a sì tètè gbẹ.

Bí Láṣebìkan bá ti ń bọ̀, a já ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ wìì, a wá fi bíréèkì mú un gẹ́lẹ́ létí láfún. A bọ́ sílẹ̀, a dọ̀bálẹ̀.

"Ìyá, ọkọ̀ mi náà ń kí yín!"

"Ọkọ̀ kì í kí ènìyàn, Láṣebìkan. Rọra."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Ibi tí mo bá ní kó dúró ló ń dúró."

Lófìfo ni ọkọ̀ máa ń wà láwọn ọjọ́ yẹn o. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, àpò kòkó kún un dé òrùlé. Fẹ́hìntọlá ló ń tú láfún, ó wọ aṣọ tuntun. Láṣebìkan já ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ bó ti máa ń ṣe, ó nawọ́ kí i láti ojú fèrèsé. Ojú rẹ̀ rí láfún, ọkàn rẹ̀ ṣì wà lára aṣọ. Kí ọkàn tó rán ẹsẹ̀ níṣẹ́, ọkọ̀ ti rìn. Kí ẹsẹ̀ tó tẹ bíréèkì, ó tún ti rìn. Nígbà tí bíréèkì sì wá mú, kòkó ń tì í lọ ni.

Fẹ́hìntọlá fò sínú gọ́tà. Ibi tó dúró sí tẹ́lẹ̀ ni táyà wá dúró. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà, kò tíì tán lára mi.

Láṣebìkan bẹ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sínú láfún tó fọ́n ká, ó funfun báláú. "Ìyá, mo tẹ bíréèkì! Gbogbo agbára mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́!"

Ìyá wo táyà, ó wo ọmọ rẹ̀ nínú gọ́tà. "Mo rí ọ. Ẹsẹ̀ ti gbọ́, ọkọ̀ ò tíì gbọ́. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Láṣebìkan. Láti òkè lọ́hùn-ún ni kó o ti máa wí fún ọkọ̀ pé kó dúró."

Láti ọjọ́ náà, láti orí òkè ni Láṣebìkan ti ń tẹ bíréèkì. Àwọn èrò ń kùn pé àwọn ìbá ti fẹsẹ̀ rìn délé. Ó fara dà á títí ìyá fi gbà.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ẹmu ń wọlé, ẹnu ọkọ ìyàwó sì tún ti ń yọ̀. "Ẹ bu ọ̀kan sí i! Tó bá ti fẹ́ pa mí báyìí, màá dáwọ́ dúró."

Ìyàwó rẹ̀ kò tilẹ̀ wojú rẹ̀. "Ẹsẹ̀ ti gbọ́," ló wí, "ọkọ̀ ò tíì gbọ́."

Láṣebìkan gbé igbá ẹmu kalẹ̀.